Àmì Pupa Lórí Ẹnu Gáàsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù

Wọ́n ti tì mí mọ́lé. Kì í ṣe àsọdùn. Wọ́dà (ìyẹn ọmọ mi obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí) fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láti ìta ní agogo mẹ́jọ, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Àjà kẹta. Irin lójú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ sá níbí, kó kọ́kọ́ lọ hu ìyẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi: oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ní mo gbàgbé láti ti gáàsì ìdáná nílé mi. Àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn, wọ́n gbé mi jáde bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù. Mo ní mo tì í. Ta ló ń gbọ́? Arúgbó tó ní òun kò gbàgbé, ọ̀mùtí tó ní òun kò mu, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n lónìí, àdéhùn wà. Ọkọ rẹ̀, Atukọ̀, tó wà lójú òkun, fi àpótí gíláàsì ẹja sílẹ̀, ewé ló gbìn sínú omi rẹ̀. Ewé ti ń kú. Ó ní iná ni wọ́n nílò, àti gáàsì. Wọ́dà ní òun ò ráyè. Mo ní èmi ráyè, mo ráyè títí dé ọ̀run. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ máa ṣí i, ẹ máa tì í, ẹ máa tan iná, ẹ máa pa á, lákòókò. Bí ẹ ò bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín kí ẹ máa lọ."

"Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"A ó ta ilé yẹn. Ẹ ó máa bá mi gbé."

Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Mo ní ó ti di àdéhùn. Mo jí ìwé yìí nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe, ibí ni màá kọ ọ́ sí.

Ìṣẹ́gun, 3

Atukọ̀ pè lórí fóònù, ó ń kọ́ mi níṣẹ́. Gáàsì yìí kì í jó. Òun ló ń ta lẹ́nu wa bí a bá mu mínírà. Ewé ń mu ún, bí àwa ṣe ń mí. Ìgò irin rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àpótí ẹja jókòó lé. Ó ní ẹnu tí à ń yí, ó ní rọ́bà tó lọ sínú omi. Kí afẹ́fẹ́ máa yọ róbótó, ẹyọ kan, kí n ka "ení", kí òmíràn yọ.

Ó ní, "Bàbá, ó lè máa jò, ẹ wò ó dáadáa o."

Èmi! Ogójì ọdún ni mo fi ṣe fọgánáísà. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí mo ti ń fi omi ọṣẹ wá ihò táyà. Mo po ọṣẹ, mo fi pa gbogbo oríkèé rọ́bà. Ibì kan ń hó. Mo so ó pa. Atukọ̀ ní, "Ó dáa, ọ̀gá mi."

Ọjọ́rú, 4

Ètò: agogo mẹ́sàn-án, ṣí gáàsì. Mẹ́wàá, tan iná. Mẹ́rin, ti gáàsì. Márùn-ún, pa iná. Wọ́dà ń dé ní mẹ́fà.

Gíláàsì kékeré kan wà nínú omi, oje wà nínú rẹ̀. Bí gáàsì bá kéré, oje á dúdú bí aró. Bó bá tó, á dà bí ewé. Bó bá pọ̀ jù, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹja ò ní lè mí. Mo sọ ọ́ ní Olófòófó. Òun ni Wọ́dà kọ́kọ́ ń lọ wò kó tó kí mi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ṣí. Tan. Tì. Pa. Àwọ̀ ewé.

Àbámẹ́ta, 7

Ìjà. Ọ̀dà èékánná Wọ́dà ni mo fi sàmì sórí ẹnu gáàsì. Gbogbo fọgánáísà tó mọṣẹ́ ló ń sàmì. Ọwọ́ ọ̀tún ni títì. Tó bá ti tì pátápátá, àmì pupa á kọjú sí ògiri. Ojú mi ò ríran tó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pupa kì í pa mọ́.

Ó ní, "Bàbá! Ọ̀dà mi dà?"

Mo na ìka mi sí i. Mo ti kun ọ̀kan. Mo ní ṣé kò yẹ mí ni. Ó rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé wọ́dà lòun.

Ajé, 9

Iná ti pọ̀ jù. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ ti bo gíláàsì, ó bo ewé. Atukọ̀ ní kí n gbé iná sókè. Gbé e kọ́ kí ni? Mo kó ìwé ńláńlá Wọ́dà mẹ́rin, méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ iná lápá ọ̀tún, méjì lósì. Láti ọjọ́ tó ti rà wọ́n, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Ó rí i, kò bínú. Kò kúkú mọ èyí tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Ewé ń yọ! Ọ̀kan ti dé òkè omi. Afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ń jáde lára rẹ̀ bí òógùn.

Ẹja méje. Ọ̀kan pupa, ìrù rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bí aṣọ ìyàwó. Ibi tí mo bá rìn lọ, ibẹ̀ ló ń tẹ̀ lé mi nínú gíláàsì. Mo ti fẹ́ ẹ. Ìyàwó Kékeré lorúkọ rẹ̀. Èmi nínú àpótí tèmi, òun nínú tirẹ̀.

Ẹtì, 13

Aránṣọ tó ń gbé ní iwájú wa kan ilẹ̀kùn. À ń sọ̀rọ̀ láti ihò kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá, ẹ̀ ń ṣe dáadáa?"

"Mo ti fẹ́ ìyàwó tuntun."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Báwo ló ṣe wọlé, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn?"

"Ó bá mi níbí ni. Kì í bínú, kì í béèrè owó aṣọ, ẹnu rẹ̀ ń ṣí ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ̀rín náà já lójijì. Mi ò mọ ìdí.

Àìkú, 15

Ṣí. Tan. Tì. Pa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo lá àlá ilẹ̀kùn ilé mi, bó ṣe máa ń ké.

Ajé, 16

Ìdí ti dé. Aránṣọ ti bá Wọ́dà lójú àtẹ̀gùn: "Bàbá ń bá ìyàwó kan gbé nínú ilé tí ẹ ò rí o." Ẹ̀rù ló ba Aránṣọ. Wọ́dà dé, ojú rẹ̀ fà. Ó bi mí pé ọjọ́ wo lòní. Mo ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Àṣìṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹnu mi ni yóò tì mí mọ́lé pa, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.

Ìṣẹ́gun, 17

Tì, agogo mẹ́rin. Àmì kọjú sí ògiri. Pa iná, márùn-ún. Wọ́dà ní láti òní lọ òun fúnra òun á máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yìn mi.

Ọjọ́rú, 18

Mo jí, mo ṣí aṣọ fèrèsé. Olófòófó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹja gbogbo wà lókè omi, ẹnu wọn ń ṣí, ń pa dé. Róbótó gáàsì ń dà gọ̀ọ́rọ̀gọ̀.

Mo tì í. Mo sáré mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo tí mo gbé ti ilé wá. Mo ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, mo ń fún un. Apá ń dùn mí, mo ń fún un. Mẹ́fà yè.

Ìyàwó Kékeré kò yè.

Wọ́dà dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò pariwo. Ì bá pariwo. "Bàbá, ẹ ti gbàgbé."

Mo ṣí ìwé yìí sí i, mo na ìka sí ohun tí mo kọ lánàá. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, mo rí i. Kíkọ yàtọ̀ sí ṣíṣe." Ó ní òun á pe àwọn tó fẹ́ ra ilé. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: ó tì í, ó tún dánwò bóyá ó tì.

Mo jókòó. Kí n tó tì í láàárọ̀, ibo ni àmì wà? Fèrèsé ló kọjú sí. Kì í ṣe pé gáàsì jò. Ọwọ́ èèyàn ló yí i.

Ọjọ́rú kan náà, ìrọ̀lẹ́

Mo ti gáàsì ní mẹ́rin. Wọ́dà dé, mo ṣe bí ẹni tó sùn lórí àga, mo tún hanrun díẹ̀ fún ẹwà. Ó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ bíi tèmi. Ó na ọwọ́ òsì kọjá ìgò irin láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá ẹnu gáàsì láìwò ó, ó yí i dáadáa, pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó ń tì í. Láti ẹ̀yìn, ọ̀tún ti di òsì, ṣíṣí ló ń ṣí i. Róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kò tilẹ̀ wo inú omi mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lọ wẹ̀. Mo dìde, mo tì í.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mi ò lè jẹun. Mo rántí ohun kan nípa ilé mi, mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Ẹtì, 20

Mo ní ọwọ́ ń ro mí, kó bá mi ti gáàsì bó bá dé. Mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ dè é. Ó nà kọjá láti ẹ̀yìn, ó yí i. Róbótó dà. Mo ní, "Wo àmì pupa. Wo inú omi. Yí i padà, ọmọ mi." Ó yí i padà. Omi dákẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo pa ẹja yẹn."

Mo ní kó má dà á láàmú, àwọn tó kù nínú omi náà wù mí í fẹ́. Kò gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 21

Wọ́dà ń fọ abọ́. Ó fọ abọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Àìkú, 22

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Ó wá sídìí àga mi, kọ́kọ́rọ́ méjì lórí òrùka kan: ti ilẹ̀kùn yìí, ti ilé mi. Ó di wọ́n mú. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tó ṣẹ́ ọwọ́ pọ́ǹpù mi, tó ń béèrè bóyá ó ṣeé so.

"Bàbá. Lọ́jọ́ tí gáàsì yẹn dá yín lóró. Mo wá wò yín nírọ̀lẹ́. Ṣé mo fọwọ́ kàn án kí n tó lọ?"

Kọ́kọ́rọ́ wà níwájú mi. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni mo ní láti sọ.

Mo ní, "Ṣé mo mọ̀ ni? Orí arúgbó. Mo ti gbàgbé."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹja tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lórí òrùka, ti ilẹ̀kùn yìí, ó fi sí mi lọ́wọ́. Èkejì padà sínú báàgì rẹ̀.

"Mi ò ní tì yín mọ́lé mọ́. Ilé, mi ò ní tà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá rántí, Bàbá, mi ò lè jẹ́ kí ẹ padà sídìí iná yẹn. Ẹ máa bá wa gbé."

Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ó sì tọ̀nà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Mo sọ̀ kalẹ̀ dé títì. Mo kí Aránṣọ, mo ní ìyàwó mi ti kú, ó fẹ́ sá. Mo rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí ọ̀dọ̀ mi. Mo yí padà, nítorí agogo mẹ́rin ti ń lọ lù. Mo ti gáàsì. Àmì kọjú sí ògiri.

Mo rántí. Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Aṣọ búlúù ló wọ̀. Ó ti jáde tán, ó tún padà: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ti gáàsì yìí dáadáa." Mo ní mo ti tì í. Ó nà kọjá láti ẹ̀yìn gáàsì ìdáná. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, ká fi òsì fà á mọ́ra. Tèmi fi òsì rẹ̀ ṣí gáàsì lé mi lórí, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é.

Ìwé yìí ti fẹ́ kún. Màá tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ iná ẹja, láàárín àwọn ìwé ńlá Wọ́dà mẹ́rin. Kì í ṣí wọn.