Omi tí Alhaja Fi Ṣe Àlùwàlá

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó sùn.

Mo ṣe omi atúsókè kan sáàárín òdòdó iwájú ilé. Ìkòkò amọ̀ lásán, mo gbé pọ́ọ̀ǹpù kékeré sínú rẹ̀ kí omi lè máa tú sókè. Wáyà rẹ̀ ò gùn tó. Mo so òmíràn mọ́ ọn, mo fi ọ̀rá wé ojú ibi tí mo ti so wọ́n lẹ́bàá omi, mo sì fi òkúta bò ó. Mo ní tó bá yá màá ra téèpù tí wọ́n fi ń wé wáyà iná.

Nígbà tí wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án, mi ò rántí pa súìṣì.

Alhaja tó ń gbé ilé kejì wá kí mi, àsìkò ìrun sì bá wọn níbí. Kí n tó jáde, wọ́n ti ń bu omi ìkòkò náà ṣe àlùwàlá. Ọwọ́, ẹnu, ojú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹsẹ̀ tán, wọ́n sún sẹ́yìn, ni omi bá tú sókè. Iná ti dé.

Ká ní ọwọ́ wọn ṣì wà nínú omi nígbà tí iná dé...

Mo sáré pa súìṣì. Alhaja ń rẹ́rìn-ín. "Kò sírú èyí ní gbogbo Ibido. Ta ló bá ẹ ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"Ibí ni n óò ti máa ṣe àlùwàlá báyìí. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó ṣe é."

Wọ́n dúró kí n ṣe àmín. Mo lóṣòó, mo ń gbé òkúta kúrò lórí wáyà náà.