Ẹni Tó Lókùú Ni Kó Gun Àtẹ̀gùn Wá: Ìgbésí Ayé Alhaja Hàwáwù Àṣàbí Dísù, Ìyá Rédíò Ìsàlẹ̀ Gángan

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èrò fìdáù. Ẹni tó wà níta, kó wọlé. Ẹni tó dúró, kó wá àyè lórí ẹní. Ẹ bá ìyá ọmọ gbé ọmọ rẹ̀ kí òun náà lè ráyè gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fi ohùn tọ́jú Ìsàlẹ̀ Èkó la fẹ́ sọ, a kò sì ní fẹkún sọ ọ́. Òkú ọ̀fọ̀ kọ́ ni. Òkú ayọ̀ ni.

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Alhaja Hàwáwù Àṣàbí sí agboolé Ẹlẹ́ja, ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Bàbá wọn, Alùfáà Sùnmọ́nù, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò tíì dé, ohùn bàbá yìí nìkan ló ń jí èèyàn láti ibẹ̀ títí dé etí omi. Ìyá wọn, Ràbíátù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ta ata, ó sì ń kọ wákà débi pé oníbàárà á ra ọjà tán, kò ní lè lọ. Ohùn ni Màmá bá nílé, ohùn náà ni wọ́n jogún.

Wọ́n lọ ilé kéú, wọ́n sì lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kíláàsì kẹta, kí iṣẹ́ ilé tó fà wọ́n jáde. Màmá kì í fi bò. Wọ́n a máa ní, "Ìwé tí mo kà kò kún ṣíbí, ṣùgbọ́n ẹ ń gbọ́ mi dé Èbúté-Mẹ́ta."

Ní 1964, Alhaji Jíbrílù Dísù, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìdúmọ̀tà, so yìgì pẹ̀lú wọn. Rédíò bàbá wọn tó dákẹ́ ni wọ́n gbé lọ bá a. Jíbrílù tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọge, ẹ̀rọ yìí kò bàjẹ́. Ó gbọ́ ohùn rẹ ni ojú fi tì í." Ẹ̀rín tí Màmá rín lọ́jọ́ náà ló di ilé, ló di ọmọ. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Mẹ́kà ní 1998. Alhaji papòdà ní 2001, àmọ́ àlá rẹ̀ láti ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ kò bá a wọ sàréè.

Lọ́dún 2012, lẹ́yìn àrìntúnrìn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, Màmá gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ri òpó irin mọ́ orí òrùlé ilé ọkọ wọn, wọ́n fi tìmùtìmù àtijọ́ bo ògiri yàrá òkè kí ariwo ọjà má baà wọlé. Rédíò Ìsàlẹ̀ Gángan bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé eré ni, kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀! Iná á lọ láàárín wáàsí. Jẹnẹrétọ̀ á wúkọ́ bí arúgbó, á dákẹ́. Àrá sán lọ́jọ́ kan, ó jó ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, odidi àdúgbò wá ń rìn bí ẹni tí etí di. Olóṣèlú wá fẹ́ ra ẹnu wọn. Màmá ní, "Ẹnu mi ti lọ́kọ." Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn tó mọ̀ ọ́n tán, ilé iṣẹ́ ńlá á já a gbà. Fúnṣọ́ nìkan ló dúró, Màmá kò sì yé pariwo mọ́ òun náà: "Fúnṣọ́, má kùn sínú ẹ̀rọ mi! Yanu!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi òkú mùsùlùmí falẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè gbọ́ kò ní bá wọn kírun sí i lára. Nítorí náà, ìkéde òkú ni òpó tó gbé rédíò Màmá ró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jà sí ilé bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóònù láti fi pa ara wọn lórí rédíò: ẹ̀gbọ́n á pè pé àbúrò ti kú, àbúrò á pè pé ẹ̀gbọ́n ló kú. Ni Màmá bá ṣòfin, wọ́n sì fi kọrin, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́:

Ẹ má pè mí lórí fóònù,
Ẹ gun àtẹ̀gùn wá.
Ẹni tó lókùú ló lẹnu,
Ẹ gun àtẹ̀gùn wá.

Nínú ọyẹ́ ọdún 2016, lọ́jọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìrun àìlà, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá. Ọyẹ́ ti la gbogbo ètè ní Èkó, àmọ́ omi ń kán tó, tó, tó lára aṣọ ọkùnrin yìí. Àpá kan wà lókè ojú òsì rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, ó ní, "Ẹ bá mi kéde. Yaqub, ọmọ Alhaja Ganiat, ti kú. Wọ́n á kírun sí i lára nílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì."

Màmá ní, "Ó ṣe wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Òkèèrè ló ti ń bọ̀."

"Kí lo jẹ́ sí i?"

"Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù."

Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òfin pé. Màmá kò bi í ní orúkọ, wọ́n kéde. Fúnṣọ́ tó ń gòkè bọ̀ lásìkò tí ọkùnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ kò pàdé ẹnì kankan lórí àtẹ̀gùn. Omi nìkan ló bá.

Alhaja Ganiat, aládùúgbò Màmá, ń dín àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí àwọn èèyàn kó ẹní dé. Ìdílé bàbá Yaqub ló tọ́ ọ dàgbà, Màmá kò sì mọ̀ ọ́n lójú. Ní Kútọnu ló ti ń ṣòwò. Alhaja Ganiat sáré dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kígbe pé, "Hàwáwù, o fi rédíò pa ọmọ mi! Yaqub tó bá mi sọ̀rọ̀ ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá!" Wọ́n pe fóònù ọmọ náà, kò lọ. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Salahudeen, baálé agboolé wọn, na ìka sí òkè: "Kí Jímọ̀ọ̀ tó mọ́, ẹ sọ lórí rédíò yín pé irọ́ lẹ pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó wó òpó yẹn lulẹ̀." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ti ní kí wọ́n má polówó ọjà àwọn mọ́.

Ashraf, àkọ́bí Màmá, dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ ṣáà ní àṣìṣe ni. Rédíò yìí ni gbogbo àlá Bàbá."

"Ashraf, ẹni tó bá fẹsẹ̀ gun òkè wá bá mi, mi ò ní pè é ní òpùrọ́ lẹ́yìn rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn kò gbẹ. Fúnṣọ́ á nù ún, oòrùn á ràn sí i, ọyẹ́ á fẹ́ sí i. Bó bá padà dé, omi ti wà níbẹ̀, ó ń rùn bí etí òkun.

Lọ́jọ́rú, Màmá lọ bá Alhaja Ganiat nílé. Wọ́n ní, "Bú mi tán, kó o wá fi fọ́tò ọmọ náà hàn mí." Alhaja Ganiat bú wọn dáadáa, ó sì mú fọ́tò jáde. Màmá wò ó, wọ́n rí àpá lókè ojú òsì. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan.

"Kí lo rí, Hàwáwù?"

"Ó kí mi dáadáa, Ganiat. Ó dọ̀bálẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ló tutù."

Èébú tán lẹ́nu Alhaja Ganiat. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Ojú omi ló máa ń gbà wálé."

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo Ìsàlẹ̀ Gángan ló tan rédíò láti gbọ́ bí Màmá yóò ṣe tọrọ àforíjì. Màmá fa ẹ̀rọ mọ́ra. "Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹ bá Ganiat wo ìdí àwọn òpó tó wà nínú ọ̀sà, níbi tí omi ti máa ń há nǹkan mọ́. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ wálé, ọ̀nà ló dí." Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra kọ orin àtẹ̀gùn yẹn, wọ́n sì pa ẹ̀rọ.

Ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ kò tíì pọ́n tí àwọn apẹja fi rí i níbi tí wọ́n júwe. Ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti Kútọnu ló dojú dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀, ó fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni wọ́n kírun sí i lára, bó ṣe fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Salahudeen wà lára àwọn tó gbé e. Nígbà tó wá bẹ Màmá, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó gòkè. Àtẹ̀gùn ti gbẹ. Iyanrìn etí omi díẹ̀ ló kù lórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Alhaja Ganiat kò jẹ́ kí Jímọ̀ọ̀ kan kọjá kó má gbé àkàrà gbígbóná gòkè lọ fún Màmá. Àwọn oníṣòwò padà wá. Ọmọ tó sọnù lọ́jà, gọ́tà tó dí, aláboyún tó ń wá ọkọ̀, Màmá ń kéde gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń darí ẹgbẹ́ àsáláátù àwọn obìnrin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gba ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn?" Torí pé Muqtadir, àbíkẹ́yìn wọn, ti ń wá ẹni tó máa ra ilé náà, tòun ti òpó.

Lọ́dún 2024, ara Màmá kò yá mọ́, Taslimah ọmọ wọn sì gbé wọn lọ sílé rẹ̀ ní Onikan. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n kírun àsùbáà tán, wọ́n fara ti ìrọ̀rí, wọ́n sì lọ. Taslimah jókòó tì wọ́n. Ó sọ fún Ashraf pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ òfin. Ẹ lọ gun àtẹ̀gùn." Ashraf kò pe ẹnikẹ́ni, ó gbéra.

Ó dé Ìsàlẹ̀ Gángan, ó bá èèyàn tó kún orí ẹní fọ́fọ́. Alhaja Ganiat ti di ìborùn mọ́ra, ó ń tò wọ́n jókòó. Ashraf sáré gòkè.

"Fúnṣọ́, ta ló sọ fún ẹ?"

"Àǹtí Taslimah kọ́? Obìnrin kan wọlé, ó fi ìborùn funfun bojú, mi ò sì gbójú sókè. Ohùn ilé yín ni. Ó sọ orúkọ Màmá, ó sọ àsìkò ìrun. Mo bi í pé kí ló jẹ́ sí wọn."

"Kí ló ní?"

"Ó ní òun lòun sún mọ́ wọn jù." Fúnṣọ́ nawọ́ sí àtẹ̀gùn. "Bọ̀ọ̀dá, bó ṣe ń lọ, ó ní kí n má kùn sínú ẹ̀rọ òun. Ó ní kí n yanu."

Muqtadir ti dé ẹ̀yìn wọn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò tún sọ̀rọ̀ títà ilé mọ́. Ọmọ rẹ̀, Khairiyyah, ló wà nídìí ẹ̀rọ báyìí. Òórùn tùràrí Màmá ṣì wà lórí àtẹ̀gùn náà. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó jẹun tán, kó lọ gbóòórùn.

Màmá gbayé fún ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fi Ashraf, Taslimah àti Muqtadir sílẹ̀, pẹ̀lú Khairiyyah àti àwọn ọmọ-ọmọ yòókù, àti àtọmọdọ́mọ. Wọ́n fi Fúnṣọ́ sílẹ̀, ọmọ tí ohùn bí. Wọ́n fi Alhaja Ganiat sílẹ̀, ọ̀rẹ́ tí ẹkún bí.

Ó tó. Ìrẹsì ti jinná, ẹran wà níbẹ̀, àkàrà Alhaja Ganiat ṣì ń gbóná. Ẹ jẹ, ẹ yó, ẹ di tàwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá délé, ẹ tan rédíò. Àṣàbí, ọmọ ládàánì, ìwọ tó kéde gbogbo òkú tó o sì kéde ara rẹ, iṣẹ́ parí. Kí Ọlọ́hun fẹ ibojì rẹ lójú, kó má ṣe jẹ́ kó ṣókùnkùn. Sùn re o. Ẹni kan ti wà lókè tó ń gba àlejò.