Orúkọ Costa Tó Ti Ọwọ́ Obìnrin Wá

Oko Ìrèké Costa,
Ẹ̀bá Odò Johnstone,
Innisfail, Queensland,
Australia.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 1958.

Tullio, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí a ti jọ ń gé ìrèké, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Abúlé wa ní Italy ńkọ́, àbí ó ti yọ̀ ṣubú láti orí òkè? Àwa náà wà. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn, àmọ́ ìrèké ti ga ju ẹni tó gun ẹṣin lọ. Oṣù tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ọ̀rọ̀ Fiorenza ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ, ọmọ mi tí o máa ń gbé jó kó tó mọ ìrìn. Ó ti rí ọkọ. Narcís lorúkọ ọmọkùnrin náà, ará Spain, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gé ìrèké. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í mutí yó, ó mọ̀wọ̀ àgbà. Kí ló wá kù? Orúkọ ni. Costa ni òun náà ń jẹ́.

O mọ ẹnu mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pariwo ní ilé ọtí pé kò sí Costa kan láyé tí kì í ṣe ara ilé wa. Ti Portugal o, ti Spain o, ti Brazil àti Argentina, títí dórí àwọn tó ń pẹja ní Fremantle, mo ní àbúrò baba ńlá mi ló wọkọ̀ ojú omi, tó sì ń bímọ sílẹ̀ ní gbogbo èbúté. Ìwọ á máa rẹ́rìn-ín, wàá ní kí n ṣẹ́ ayé kù díẹ̀ fún àwọn ìdílé yòókù. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ.

Nígbà tí Fiorenza dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ìyá mi gbé ṣíbí wọn kalẹ̀. Wọ́n ní Costa kì í fẹ́ Costa, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹbí rẹ̀, ara ọmọ ló ti máa rí i. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Fiorenza náà ní bí ìyá àgbà ò bá sí níbẹ̀, òun ò ní dé iwájú pẹpẹ, nítorí ìyá àgbà ló tọ́ òun dàgbà lẹ́yìn tí ìyá òun kú. Narcís ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á gé ìrèké ọdún yìí tán, òun á sì kọrí sí Melbourne, torí òun ò lè máa rí i lójoojúmọ́ kóun máa mójú kúrò. Tullio, odindi ọjọ́ mẹ́ta lọmọ mi ò fi jẹun. Ẹnu mi ló fà á.

Mo lọ bá Fadá, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ bá ti wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tàbí létí òkun ni wọ́n ń pè ní Costa, láti Genoa títí dé Lisbon, òkè àti òkun ò sì wọ́n níbẹ̀. Àwọn atukọ̀ ló gbé orúkọ náà kọjá omi. Mo padà sílé, mo dúró níwájú ìyá mi bí ọmọ ọdún méje, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé n ò mọ ẹnì kan tó ṣáájú baba baba mi. Ojú tì mí gan-an. Wọ́n ní irọ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún pa, n ò lè fi ọ̀sán kan ṣoṣo gbé e mì. Wọ́n ní kí baba ọmọ náà wá fúnra rẹ̀.

Anselm, baba Narcís, dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mú ìwé ìrìbọmi rẹ̀ dání. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ohun tí a ò gbọ́ rí. Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ ìdílé méjì lọmọ ń jẹ́: ti baba á ṣáájú, ti ìyá á tẹ̀ lé e. Anselm Ferrer Costa ló wà nínú ìwé náà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbí lọ́dún 1927, akọ̀wé mú èyí tó kẹ́yìn bí àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ Costa, ó fi Ferrer sílẹ̀. Anselm ò gbédè, ó ṣáà fọwọ́ sí i. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni gbogbo ilé wọn ti ń jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Mo pàtẹ́wọ́, mo ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyá mi ní kí n dákẹ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni? Wọ́n bi Anselm pé ta lobìnrin náà. Ó ní Remei ni, opó tó máa ń ru ẹja láti etí òkun gun òkè lọ tà, láìwọ bàtà, owó ẹja yẹn ló sì fi rán òun wá síbí. Kò rí òun mọ́ títí tó fi kú. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò kúrò ní abúlé wọn ní Spain rí kí òun tó wọkọ̀. Anselm wá ṣí fìlà, ó ní kí ìyá má bínú, òun á lọ sí kóòtù, òun á jẹ́ Ferrer padà kí àwọn ọmọ lè fẹ́ra.

Ìyá mi ní kó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Má dán an wò, Anselm. Ọmọ Bruzzone ni mí. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ orúkọ baba mi, inú sàréè ló máa bá mi wọ̀. Ìyá rẹ ò ní bàtà, síbẹ̀ orúkọ tiẹ̀ rìn dé òpin ayé, ó sì di orúkọ ilé. Ìwọ wá fẹ́ lọ pa á rẹ́ ní kóòtù, nítorí ẹnu ọmọ mi tí kì í dúró jẹ́ẹ́? Jẹ́ kí Fiorenza fẹ́ ọmọ rẹ. Bí wọ́n bá bi í pé Costa wo ni, kó ní ti Remei."

Anselm sunkún, èmi náà sunkún, n ò tijú. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Ìyá mi ti ń rán aṣọ, àwọn àti Anselm sì ń jà lórí ẹni tó mọ ìrẹsì sè jù. Mo ṣì ń fọ́nnu ní ilé ọtí, Tullio, ta ló máa pa mí lẹ́nu mọ́? Àmọ́ Remei ni mo fi ń fọ́nnu báyìí, mi ò sì fi irọ́ kankan kún un.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí gbogbo ará abúlé tó bá ṣì rántí mi. Ìyá mi jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní bí àwọn ará ìlú Anselm ṣe ń kọ orúkọ wọn ni kí n kọ tèmi, àwọn ò sì ní dìde títí n ó fi kọ ọ́ tán.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ aláriwo,

Nevio Costa Bruzzone