Ògógóró Inú Àgbo

Moróunkẹ́ àbúrò mi,

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá lọ́wọ́ rẹ. Ilé Olúwadáre ọmọ mi ní Akóbọ̀ tutù, mò ń jẹun. Oorun ni kò kùn mí mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àyà mi á máa já, ni mo bá ń mu ògógóró. Mo rẹ èèpo igi sínú rẹ̀ kí wọ́n lè rò pé àgbo ni.

Lánàá, ìyàwó Olúwadáre gba ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Màmá, ọtí ń rùn lẹ́nu yín."

Mo ní òórùn rẹ̀ sàn ju ti ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò gbé ọmọ náà fún mi mọ́.

Bá mi kí wọn ní Ṣakí. Olófòófó ni ọ́, o sì máa ń hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ kú, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo ń sùn títí oorun fi padà sójú rẹ. O jẹ mí ní gbèsè ìyẹn. Ká ẹní rẹ, kí o wá san án.