Àléébù Tó Sá Pamọ́ Nínú Ẹ̀rọ Orí Báàjì

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú tọmọdé tàgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá. Mo kí Ìyálé yín, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n á fúyẹ́, lágbára Ọlọ́hun. Ẹ bá mi kí Ràfátù kú ewu ọmọ. Gbogbo ará Ṣakí tó bá rí lẹ́tà yìí kà nínú ìwé ìròyìn, mo kí yín o.

Òjò ti gba Ajégúnlẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Bó bá rọ̀ láàárọ̀, ọwọ́ la fi ń gbé bàtà dé Malu Road. Ara mi le, oúnjẹ sì ń lọ lẹ́nu. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, ẹ fi kún ìnáwó ìkómọ. Ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń le fún mi, nígbà tí àwọn ará ilé bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́, tó wá ku èmi àti rédíò. Àárò yín máa ń sọ mí nígbà náà, n kò ní purọ́.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, tí Mùfú àbúrò mi fi ń sùn lórí báàjì tó ń jò, tí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ẹ jàre. Òun ni mo fi kọ̀wé yìí.

Báàjì ni ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù láti Kirikiri gba ojú ọ̀sà lọ. Omi lè máa wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹni tó wà lókè má mọ̀. Iléeṣẹ́ wa kékeré ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀, pé kó máa pariwo bí omi bá ti ń ga. Àmọ́ nígbà mìíràn, ẹ̀rọ náà á kàn dákú. Iná rẹ̀ á máa tàn, kò ní fọhùn. Bí omi bá wọlé lásìkò yẹn, ojú oorun ni yóò ká ọmọ yín mọ́. Mo bẹ Mùfú kó sọ̀ kalẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe, ó ní bí òun bá fi sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn á gorí iṣẹ́ òun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tó tún un ṣe ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Ọ̀gá mi ni, Àǹtí Sìkírá, ọmọ bíbí Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀pà ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń bá orogún jà.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ètò kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí àwọn ètò yòókù dúró lé. Kánẹ̀lì là ń pè é. Òun ló ń pín àyè ìrántí fún wọn, bí alámòójútó ilé ṣe ń pín yàrá fún ayálégbé. Ẹni tó bá lò ó tán, á gbà á padà, á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ méjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ wa. Ọ̀kan á wo yàrá, á rí ẹrù tó fẹ́ mú. Kó tó nawọ́, èkejì á ti dá yàrá padà, wọ́n á ti kó ẹrù ẹlòmíràn síbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ á wá ki ọwọ́ bọ ẹrù olóhun, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú. Àárín ìgbà tó wò ó àti ìgbà tó nawọ́ kò tó ìṣẹ́jú akàn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ibi tí a ti ṣìnà nìyí. Ká lè mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń kú, a kọ ọ́ sínú ètò náà pé bó bá dé ibí kó sọ ọ́, bó bá dé ọ̀hún kó sọ ọ́. Bí a ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò kú mọ́! A dán an wò títí, kò kú. Ẹnìkan sáré ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin, èmi gan-an ti ń wá nọ́ńbà Mùfú. Àǹtí Sìkírá nìkan ni kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó fi pijin àdúgbò rẹ̀ sọ pé e never finish, pé kò tíì tán. Ó bi wá pé kí la ṣe sí ẹ̀rọ náà tí yóò fi san. Ó ní bí ẹ̀rọ ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ ló ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, tí ọpọlọ méjèèjì kò fi kọlu ara wọn mọ́. Àléébù náà kò lọ, ó sá pamọ́ ni. A yọ ọ̀rọ̀ wa kúrò, ẹ̀rọ tún kú.

Oníléeṣẹ́ wa ní ká dá ọ̀rọ̀ náà padà sínú rẹ̀, ká gbé e fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sùn lórí ṣebí-bóyá. Màámi, kò tíì mọ̀ nígbà náà pé àbúrò mi wà níbẹ̀ o.

Ohun tó wá ṣe ló jọ mí lójú jù. Kò lé àléébù náà kiri mọ́, ó ṣí ọ̀nà fún un. Ó fi ìdádúró sí àárín wíwò àti nínawọ́ gan-an, kí ọpọlọ kejì ráyè ṣe ibi tó fẹ́ ṣe. Ni ẹ̀rọ bá ń kú ní gbogbo ìgbà. N kò rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn báyẹn sí ohun tó bàjẹ́ rí! Mo dábàá pé ká kúkú ti géètì gbogbo ilé bí ẹnìkan bá ti wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ń mú ìròyìn omi bọ̀ náà á wà lóde nìyẹn. Ó wá kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àmì sẹ́nu ọ̀nà, alámòójútó kò sì gbọdọ̀ gba yàrá náà títí ẹni ìkẹyìn á fi mú àmì tirẹ̀ kúrò. Kò yọ ìdádúró yẹn nígbà tó dán an wò, síbẹ̀ ẹ̀rọ kò kú. Orí obìnrin yìí pé, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n dá.

A gbé ẹ̀rọ padà sórí báàjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, Mùfú pè mí, ó ń bínú. Ó ní ìtòsí Snake Island ni àwọn wà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ forí lélẹ̀ ni, tí ẹ̀rọ burúkú wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Ó ní omi ti dé orúnkún nísàlẹ̀, pé àwọn ti ń fà á jáde, ṣùgbọ́n kí n sọ fún ọ̀gá mi pé ariwo yẹn ti pọ̀ jù. Mo sọ fún Àǹtí Sìkírá pé àbúrò mi ló ń pè láti orí báàjì náà, mo sì gbé fóònù fún un kó gbọ́ èébú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Mo kí gbogbo agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kírun tán, ẹ bá mi dárúkọ Sìkírátù nínú àdúrà yín, kí ẹ tó dárúkọ tèmi.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníyù.