Àkúdàáyà Tó Ń San Owó Orí

Ilé Fáwọlé,
Datcha,
lọ́nà Atakpamé,
Togo.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Aurélie,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Àwa náà wà, iṣu tuntun ti délé, ẹnu wa kò sì dilẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ rán mi pé kí n wá ọdún tí baba ńlá wa, Ògúnyínká, kú sí. Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ burúkú lẹ rán mi.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé: àwọn òyìnbó kó o lọ síbi iṣẹ́ ojú irin tipátipá lọ́nà Blita, òkìtì ilẹ̀ ya lu àwọn òṣìṣẹ́, ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ gé irun àti èékánná òkú rẹ̀ wálé, a sì sin ín sí yàrá ńlá. Mo lọ síbi tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ ìjọba sí ní Lomé. Nínú ìkànìyàn ọdún 1929, ó wà ní Datcha pẹ̀lú ìyàwó kan àti ọmọkùnrin kan, Ṣàngówáwa, tó bí bàbá wa. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí i mọ́. Mo ti fẹ́ dìde kí n tó tún bá a pàdé nínú ìwé owó orí ti ìlú Glei, ọdún 1936: Ògúnyínká, ará Datcha, àgbẹ̀. Ọdọọdún ló ń san án. Ní 1948 ó tilẹ̀ ra ilẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Mo fọwọ́ kan ojú ibi tó tẹ̀ka sí. Ẹni tí a ti sin!

Mo sáré wálé sọ fún Bàbá, mo rò pé inú wọn yóò dùn. Ṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Jules, àkúdàáyà lò ń wá kiri o. Ibo ni àkúdàáyà ń gbé, bí kì í bá ṣe ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n? Ṣé kì í gbéyàwó ni? Ṣé kì í dáko? Ìwé papíyé òyìnbó ò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè, owó orí ló mọ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ìtàn tí bàbá àgbà Ṣàngówáwa máa ń sọ fún wa, bí òkú bàbá wọn ṣe dé sí ojúde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń pe ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé sá, tí àwọn nìkan, ọmọdé, bu eérú gbígbóná dà á lójú. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń sín òkú náà jẹ bó ṣe ń ké, tí àwa a sì máa pàtẹ́wọ́? Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni eérú gbígbóná lè fi òkú ṣe tí yóò fi ké?

Mo wọ taksí lọ sí Glei. Wọ́n ní bí ará ilé bá dé ibi tí àkúdàáyà wà, ilé rẹ̀ á di ahoro. Kí n má purọ́, apá kan nínú mi ń gbàdúrà kí n bá ahoro. Ìyá arúgbó kan ni mo bá, tó ń sá àgbàdo, imú Bàbá wa gẹ́ẹ́ ló wà lójú wọn. Ìyá Àyọ̀kẹ́ ni orúkọ wọn, àbígbẹ̀yìn Ògúnyínká. Bí mo ṣe dárúkọ Datcha, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbóná. Ẹ̀rù tèmi ń ba àwọn náà!

Wọ́n ní bàbá wọn ti sá kúrò níbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ya. Ó fara pa mọ́ fún ọdún díẹ̀, ó padà sílé, àwọn ará ilé lé e. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n ní bó bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín ló máa ń rín: "Ọmọ mi ló lé mi. Ọmọ náà láyà. Kò sẹ́ni tó máa rẹ́ ẹ jẹ." Lẹ́yìn náà ni yóò gba oko lọ, kò ní jẹun lọ́jọ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àyọ̀kẹ́ bẹ̀ mí fún: kí àwọn bu erùpẹ̀ sàréè bàbá wọn wá sílé rẹ̀ ní Datcha kí àwọn tó kú. Nígbà tí mo délé sọ ọ́, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní a kì í sin ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá náà wá lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, erùpẹ̀ wà nínú gèlè wọn. Wọ́n dúró sí ojúde, wọn kò wọlé, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni. Bàbá yọjú, wọ́n wo ojú ìyá náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá wa, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú gèlè náà.

"Bàbá, ẹ dárí jì wá. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ máa wọlé bọ̀."

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá Àyọ̀kẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní kí n kí yín.

Bàbá ti ní kí n padà sí Lomé, kí n lọ wá orúkọ ẹni tí a sin. Wọn kò lè sùn mọ́ nínú yàrá ńlá, nítorí irun ẹni ẹlẹ́ni àti èékánná rẹ̀ ni a ti ń da omi fún láti ìgbà yẹn. Wọ́n ní ẹni náà láwọn èèyàn níbì kan, àwọn yẹn ṣì lè máa retí rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ṣi ara wa mọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń rò yín,
Jules.