Géèmù Méjì Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé

Olówó orí mi,

Ẹ má bínú pé mi ò gbé ìpè yín lánàá. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá Kékeré, ọmọ yín obìnrin, ń pa àwọn nọ́ọ̀sì ibí lẹ́rìn-ín ṣáá.

Géèmù àtijọ́ méjì la ń gbá lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú méjèèjì, ọkùnrin kan ń sá kiri nínú ayé àjèjì, bíi sinimá. Àkọ́kọ́ ló rẹwà jù, ṣùgbọ́n bí iná ìbọn bá kan ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó kú nìyẹn. Ti ìkejì ní ìhámọ́ra tó ń gba ọta ìbọn mẹ́ta kó tó ṣubú. Òun ni mo fẹ́ràn, torí ó fàyè gba àṣìṣe.

Ọmọ yín ní, "Màmá, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù! Ti àkọ́kọ́ yẹn, tó bá kú, ṣebí ó tún máa ń dìde."

Mo ní kó wá lo oògùn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa la àyà rẹ̀ láti tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Dókítà ní iṣẹ́ kékeré ni. Ìwé mẹ́rin ni mo fọwọ́ sí, mi ò lè ka ìkẹta tán.

Ẹ bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Ẹ má pè lọ́jọ́ náà, èmi ni màá pè. Tó bá pẹ́, ẹ ṣáà má pa fóònù.

Èmi, ìyàwó yín.